Àpótí Ìmọ̀: Àgádágodo Inú Wáyà HDMI

HDCP, tí ilé-iṣẹ́ Intel ṣe, máa ń sọ fídíò di àrokò kí ó tó gba inú wáyà HDMI dé orí tẹlifíṣọ̀n, kí ẹnikẹ́ni má baà dà á kọ lójú ọ̀nà. Lójú tèmi, ẹni tó fowó ra nǹkan ni àgádágodo yìí ń fìyà jẹ ju olè lọ. Nínú HDCP àkọ́kọ́, ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ní kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀ 40. Ní ọdún 2001, àwọn onímọ̀ fi hàn pé ẹni tó bá rí kọ́kọ́rọ́ inú nǹkan bí ẹ̀rọ 40 lè ṣírò kọ́kọ́rọ́ àgbà, èyí tí gbogbo àwọn yòókù ti jáde wá, jáde. Ní oṣù Kẹsàn-án 2010, kọ́kọ́rọ́ àgbà náà bọ́ sí gbangba, Intel sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Síbẹ̀, tẹlifíṣọ̀n tí kò ní HDCP 2.2, irú tó tuntun ju ti àkọ́kọ́ lọ, kì í gba fíìmù 4K tó béèrè fún un, bí olówó rẹ̀ tilẹ̀ ti sanwó fíìmù náà.

Àwọn kan á ní láìsí ààbò, àwọn onífíìmù kò ní gbé iṣẹ́ wọn jáde. Òótọ́ ni pé ó yẹ kí a dáàbò bo làálàá wọn, ṣùgbọ́n ẹ̀dà kan ṣoṣo tó bá jáde ti tó olè. Kí ẹ tó ra tẹlifíṣọ̀n, ẹ béèrè irú HDCP tó ní.