Oúnjẹ Ọdún Lókè Òkun: Ìmọ̀ràn fún Ẹ̀yin Ọmọ Ìkálẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ wà ní London, Houston àti Toronto, Kérésìmesì ti ń bọ̀. Ní Òkìtìpupa, Ìkòyà, Igbótako àti Òde-Ìrèlè, àwọn ará Èkó ti ń wọlé. Ẹ gbọ́ tẹnu mi nípa oúnjẹ ọdún.

1. Ẹ jẹ́ kí púpurú àti ọbẹ̀ marúgbo wà lára oúnjẹ ọjọ́ náà. Jọ̀lọ́ọ̀fù àti tòlótòló dára, ẹ sè wọ́n. Ṣùgbọ́n púpurú ló ń sọ fún àlejò pé ilé ọmọ Ìkálẹ̀ ló wọ̀.

2. Ẹ má ṣe ro púpurú tán kí ẹ tó pe àwọn ọmọ. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ẹ gbé púpurú roboto kan lé ọmọ lọ́wọ́, kó fi ọ̀bẹ ha ara rẹ̀ tí ẹfín ti sọ di dúdú títí funfun inú rẹ̀ yóò fi yọ. Kó gún un, kó kù ú, kó wo bí ẹ ṣe ń rò ó tí kò fi ní kókó. Oúnjẹ tí ọmọ kò bá fọwọ́ kàn, ti bàbá àti ìyá rẹ̀ ni yóò máa jẹ́.

3. Ẹ sọ ọgbọ́n tó wà nídìí rẹ̀ fún un. Ẹ̀gẹ́ tí a fi ń ṣe púpurú ní májèlé nínú. Ìdí nìyẹn tí àwọn ìyá wa fi ń rẹ ẹ́ sómi fún bí ọjọ́ 3 sí 5, tí wọ́n ń yọ okùn inú rẹ̀, tí wọ́n ń fún omi rẹ̀ dànù, kí wọ́n tó mọ ọ́n roboto, kí wọ́n sì yan án lórí ẹfín. Ẹfín yẹn ni kì í jẹ́ kó tètè bàjẹ́.

4. Ẹ má ṣe tijú rẹ̀ níwájú ẹnikẹ́ni. Àwọn Potogí ló kó ẹ̀gẹ́ wá sí Áfíríkà láti Brazil ní nǹkan bí ọ̀rúndún kẹrìndínlógún. Ìtàn wa sì sọ pé láti Benin ni ìdílé ọba wa, Abodi, ti ṣí wá. Àwọn tó ṣí wá ló sọ irúgbìn tó ṣí wá di oúnjẹ ilé; ẹ̀yin náà lè ṣe bẹ́ẹ̀ níbi tí ẹ ṣí lọ. Bí ẹ kò bá rí ewé marúgbo, ẹ fi ẹ̀fọ́ mìíràn se ọbẹ̀ náà, ṣùgbọ́n ẹ sọ òtítọ́ fún ọmọ pé kì í ṣe marúgbo ló jẹ, kó lè mọ èyí tó ń dúró dè é nílé.

5. Ẹ pa òfin ilẹ̀ onílẹ̀ mọ́. Òfin Britain kò gba kí èrò kó ẹran tàbí wàrà wọlé láti Nàìjíríà. Kí ẹni tó ń bọ̀ tó di ẹja Igbókòdá àti ewé sẹ́rù, kó kọ́kọ́ wádìí ohun tí wọ́n gbà láàyè.

6. Ẹ bù fún ẹlòmíràn. Nílé, a kì í dá oúnjẹ ọdún jẹ. Ẹ ránṣẹ́ pe akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ní ẹbí nítòsí. Ẹ di ti nọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ lọ́jọ́ ọdún, kí ọmọ yín gbé e lọ fún un fúnra rẹ̀.

Ọdún á yabo. Bí ẹ ṣe mọ púpurú rò, kí àwọn ọmọ-ọmọ yín náà mọ̀ ọ́n rò. Àṣẹ.