Ọmọ Mi Ń Pe Ara Rẹ̀ Ní Mílíọ̀nù Méjìlá

ÌBÉÈRÈ

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ orúkọ mi jáde. Oǹdó ni mo ń gbé, mo ní ilé epo méjì, mo sì ń ra kòkó. Ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, àwọn ajínigbé gbé ọmọbìnrin mi àgbà, ẹni ọdún 22, bó ṣe ń ti ilé ẹ̀kọ́ bọ̀ wálé. Wọ́n yìnbọn sí táyà ọkọ̀ tó wọ̀, wọ́n sì kó wọn wọ igbó lọ. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ kọjá díẹ̀ ni fóònù mi dún. Orúkọ ọmọ mi ni mo rí lójú rẹ̀, mo ní, "Ibo lo dé?" Ohùn ọkùnrin ló dá mi lóhùn. Ó ní, "Alága, ọmọ ẹ wà lọ́wọ́ wa. Mílíọ̀nù ọgọ́rùn-ún." Ló bá gé e.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án la fi dúnàá-dúrà. Àna mi kan tó jẹ́ sójà tó ti fẹ̀yìn tì ló jókòó tì mí, tó ń kọ́ mi ní ohun tí n ó sọ. Mílíọ̀nù 3 ni mo fi bẹ̀rẹ̀, mo gùn ún dé 7, mo dé 9 àbọ̀, mo dé 11, a wá parí rẹ̀ sí 12. Inú ìwé ilé ẹ̀kọ́ àbúrò rẹ̀ ni mo ń kọ gbogbo rẹ̀ sí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ọmọ dé láàyè.

Ẹ̀yìn tó dé ni wàhálà tó ń pa mí lóru bẹ̀rẹ̀. Àṣé gbogbo ìgbà tí mo ń sọ̀rọ̀, sípíkà ni wọ́n tan sí i létí. Ó gbọ́ nígbà tí mo ní n kò ní ju mílíọ̀nù 3 lọ. Ó gbọ́ nígbà tí mo ní, "Tó bá wù yín kí ẹ pa á, mo ṣì ní ọmọ mẹ́rin nílé." Àna mi ló ní kí n sọ bẹ́ẹ̀. Ó sì mọ̀ pé jíípù tí mo rà lọ́dún tó kọjá ju mílíọ̀nù 40 lọ. Báyìí, tó bá kan ilẹ̀kùn yàrá mi, tí mo bá ní, "Ta nìyẹn?", á ní, "Mílíọ̀nù méjìlá ni." Kò pè mí ní Dádì mọ́. Tí fóònù mi bá ti dún, á dìde kúrò ní pálọ̀. Bẹ́ẹ̀ ìyá mi ló sọ ọ́ ní Ọmọ́jowó lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ! Ìdúpẹ́ ńlá tí mo fẹ́ ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì lóṣù tó ń bọ̀, a ti yan aṣọ ẹbí, ó ní òun ò ní fẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀. Ìyàwó mi ní èmi ni mo fọwọ́ ara mi fà á. Ṣé lóòótọ́ ni mo ṣẹ̀? Kí ni kí n ṣe?

Bàbá Aláìsùn, Oǹdó

ÌDÁHÙN

Bàbá Ọmọ́jowó, ẹ kú ewu ọmọ. Mo mọ̀ pé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ là ń kí bẹ́ẹ̀. Ẹ gbà á lẹ́ẹ̀kejì, nítorí pé ẹ tún un bí.

Iṣẹ́ ọlọ́pàá ni mo ṣe kí n tó máa gba ẹbí nímọ̀ràn. Mo ti sùn ní pálọ̀ irú yín rí, níbi tí fóònù kan ṣoṣo ti ń dá jókòó sórí tábìlì, tí gbogbo ilé ń wò ó bí ẹni ń wo ejò. Nítorí náà n kò ní fi ọ̀rọ̀ dídùn tàn yín. Ohun méjì lẹ ṣe lórí fóònù yẹn, ẹ sì ti lọ̀ wọ́n pọ̀ mọ́ra. Ọ̀kan ò lẹ́bi nínú. Èkejì ní.

Ẹ jẹ́ ká mú dúnàá-dúrà ná. Iye tí ajínigbé bá kọ́kọ́ pè kì í ṣe iye rárá, ìbéèrè ni. Ó ń fi ọ̀pá wo bí kànga yín ṣe jìn tó. Tí ẹ bá ti yára dáhùn pé owó ti ń bọ̀, ẹ ti sọ fún un pé kànga náà ò nísàlẹ̀. Mo mọ ilé kan tó kó gbogbo iye tí wọ́n pè jọ lọ́jọ́ kejì. Àwọn ajínigbé gba owó, wọ́n mú àbúrò bàbá tó gbé e lọ, ènìyàn wá di méjì lọ́wọ́ wọn, ọjà sì bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Àwọn tó ń fa ọ̀rọ̀ gùn, ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé kí ọmọ má di ohun tí wọ́n á máa tún tà.

Ẹ ó rántí Olóyè Olú Fálaè. Ọjọ́ 21 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2015, ọjọ́ tó pé ẹni ọdún 77 gan-an, ni wọ́n wọ oko rẹ̀ lẹ́bàá Àkúrẹ́ tí wọ́n wọ́ ọ lọ. Mílíọ̀nù 100 ni wọ́n kọ́kọ́ béèrè, bíi tiyín. Lọ́jọ́ kẹrin ló padà sílé, òun fúnra rẹ̀ ló sì sọ fáráyé pé mílíọ̀nù 5 làwọn ẹbí òun san. Ẹni tó ti ṣe mínísítà ètò ìnáwó Nàìjíríà rí ni o! Ṣé a ó wá ní ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ ò fẹ́ràn rẹ̀ ju mílíọ̀nù 5 lọ ni?

Ẹ tún ìwé yẹn ṣí kí ẹ wo ohun tí ẹ kọ. Láti 3 dé 7, mílíọ̀nù 4 lẹ fi kún un. Lẹ́yìn náà 2 àbọ̀, lẹ́yìn náà 1 àbọ̀, lẹ́yìn náà 1. Àfikún yín ń kéré sí i, ohun tí ajínigbé sì ń gbọ́ nìyẹn: pé ṣíbí ti ń kan ìdí ìkòkò. Ìgbà tó bá gbọ́ ìró yẹn ló máa ń ronú pé kí òun gba èyí tó wà kí òun sì tú ẹni náà sílẹ̀, nítorí pé títọ́jú ènìyàn nínú igbó náà ní ewu tirẹ̀ fún un. Ọjọ́ mẹ́sàn-án gùn, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n àna yín mọ ohun tó ń ṣe níbẹ̀.

Ibi tí kò ti mọ̀ ọ́n ni gbólóhùn ọmọ mẹ́rin yẹn.

Bàbá, èmi náà ti fi gbólóhùn yẹn sí àwọn bàbá lẹ́nu rí. A rò pé ọgbọ́n ni. A rò pé tí ajínigbé bá gbọ́ pé ọmọ yìí ò wọ́n tó bẹ́ẹ̀ lójú bàbá rẹ̀, iye rẹ̀ á wálẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi ara rẹ̀ nínú wa pé ta ló tún ń gbọ́. Ìgbà tí ọmọdékùnrin kan dé láti inú igbó, tó sì lo oṣù méjì láì bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀, ni mo tó mọ ohun tí mo ti kọ́ ọkùnrin yẹn ní sísọ. Títí dòní, tí mo bá pàdé bàbá náà, ojú rẹ̀ ni mo máa ń yẹra fún.

Kò kan ilẹ̀ wa nìkan. Ní ọdún 1973, wọ́n jí ọmọ ọdún 16 kan gbé ní ìlú Róòmù, John Paul Getty Kẹta, ọmọ-ọmọ ọlọ́rọ̀ elépo rọ̀bì ará Amẹ́ríkà. Bàbá àgbà náà sọ fún àwọn oníròyìn pé ọmọ-ọmọ 14 mìíràn lòún ní, pé tí òun bá san kọ́bọ̀ kan, gbogbo wọn ni wọ́n máa jí gbé. Tí a bá fi ìṣirò wò ó, ọ̀rọ̀ rẹ̀ tọ̀nà. Àwọn ajínigbé gé etí ọmọ náà, wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn kan kí wọ́n tó gba owó, kí wọ́n sì tó tú u sílẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún náà. Ẹyin lohùn. Ti bàbá àgbà yẹn ti balẹ̀ kó tó mọ̀ pé ó já bọ́.

Ẹ má sì gbàgbé ohun tí wọ́n ń sọ fún Ọmọ́jowó lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbé fóònù sílẹ̀. Ẹ̀yin gbọ́ ìṣẹ́jú mẹ́rin, ó gbọ́ ọjọ́ mẹ́sàn-án. Iṣẹ́ wọn ni láti dúró sáàárín yín. Wọ́n á nà án kí ó lè ké sí yín létí, tí ọ̀rọ̀ bá ti parí, wọ́n á ní, "O ò rí i? Bàbá ẹ ní òun ò fẹ́ ẹ." Mo máa ń rántí Patricia Hearst, ọmọ ọdún 19 tí wọ́n jí gbé ní Berkeley, Kalifóníà, ní oṣù Kejì ọdún 1974. Ìdílé oníwèé-ìròyìn ńlá ni wọ́n. Àwọn tó gbé e ní kí bàbá rẹ̀ pín oúnjẹ fún àwọn tálákà ìpínlẹ̀ náà, bàbá sì yọ mílíọ̀nù 2 dọ́là sílẹ̀. Kàkà kí ọmọ dé, kásẹ́ẹ̀tì ló dé: ohùn ọmọ rẹ̀ gan-an, tó ń sọ pé àwọn òbí òun ò ṣe tó. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀ ni òun fúnra rẹ̀ wá ṣàlàyé pé inú kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ ni wọ́n tì í mọ́ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, wọ́n di ojú rẹ̀, wọ́n sì ń sọ fún un pé wọ́n ti pa á tì nílé. N kò sọ pé ọmọ yín dà bíi tirẹ̀. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé nínú "Mílíọ̀nù méjìlá ni" tí ẹ ń gbọ́ lẹ́nu ọ̀nà yẹn, ohùn àwọn ọkùnrin yẹn ṣì wà nínú rẹ̀. Ẹ má bá a jà nítorí rẹ̀. Ẹ má sì fi rẹ́rìn-ín.

Kí lẹ ó wá ṣe? Ẹ bẹ̀ ẹ́. Mo mọ̀ pé kò sí nínú àṣà wa kí bàbá máa bẹ ọmọ tó bí, ti Oǹdó sì tún le díẹ̀ sí i (ẹ má bínú, ibẹ̀ ni ìyàwó mi ti wá). Ẹ jókòó tì í níbi tí kò ti sí ẹlòmíràn, kí ẹ sì sọ ọ́ bó ṣe rí: "Ọmọ́jowó, mo sọ pé mo ṣì ní ọmọ mẹ́rin nílé. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ò yẹ kó ti ẹnu mi jáde, o sì gbọ́ ọ. Forí jì mí." Kí ẹ dákẹ́ níbẹ̀. Ẹ má fi "ṣùgbọ́n" kún un. Ẹ má dárúkọ àna yín, kò sí lórí fóònù lójú ọmọ yẹn, ohùn yín ló gbọ́. Ó lè má dáhùn. Ó lè dìde kó jáde. Bẹ́ẹ̀ náà ni kó rí.

Ìwé àkọsílẹ̀ yẹn, ẹ má tíì gbé e jáde lọ́jọ́ náà, ẹ jọ̀ọ́. Tí ẹ bá gbé e jáde báyìí, bí ẹni ń mú rìsíìtì wá ló máa rí, rìsíìtì sì ni ohun tó ń bí i nínú. Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ti ọjọ́ mẹ́sàn-án tirẹ̀: ohun tó jẹ, ibi tó sùn, ta ló tún wà níbẹ̀. Ẹ má já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀, ẹ má sì ní, "Èmi náà ò sùn o." Ọjọ́ kan á dé tí á bi yín pé, "Ẹ̀yin ńkọ́, kí lẹ ń ṣe nílé?" Ọjọ́ yẹn ni kí ẹ nawọ́ ìwé náà sí i, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ kó dá kà á. Á rí bí ìkọ̀wé yín ṣe ń wó lọ láti ojú ewé kejì. Mo ti rí irú ìwé bẹ́ẹ̀. Nígbà tó bá di ọjọ́ keje, kì í sẹ́ni tó lè ka 6 yàtọ̀ sí 0 nínú rẹ̀ mọ́.

Ti jíípù, ẹ má tà á nítorí àtifi hàn án pé ẹ fẹ́ràn rẹ̀. Á kàn tún fi iye rẹ̀ wé tirẹ̀ ni.

Ìdúpẹ́, ẹ sún un síwájú. Mo mọ̀ pé ẹ ti ra aṣọ, mo mọ̀ pé ẹnu ò ní dákẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n to mọ́lẹ̀ nínú igbó tí wọ́n ń wò kò ní fẹ́ kí ẹgbẹ̀rún ènìyàn tún máa wo òun bó ṣe ń rìn lọ síwájú pẹpẹ. Tí ẹ bá sì ṣe é níjọ́ mìíràn, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dárúkọ iye tí ẹ san nínú ẹ̀rí. Etí mìíràn wà nínú ìjọ.

Oṣù mẹ́ta ti kọjá. Tí kò bá tíì máa sùn dáadáa, tí ìró ọ̀kadà bá ṣì ń mú un fò, tí kò lè wọ ọkọ̀ mọ́, èyí ti kọjá ohun tí ìyá rẹ̀ lè fi orin tù nínú. Ẹ mú un lọ rí àwọn oníṣègùn tó mọ̀ nípa ọkàn ní ilé ìwòsàn UCH, Ìbàdàn, tàbí kí ẹ lọ sí ilé ìwòsàn ọpọlọ Àrò ní Abẹ́òkúta. Mo mọ̀ pé tí a bá ti pe Àrò, wèrè làwọn èèyàn wa ń rò. Ẹni tó ní ẹ̀rù tí kò lọ náà ń lọ síbẹ̀, wọ́n á fún un ní ọjọ́, á lọ sọ̀rọ̀, á padà wálé jẹun. Ẹ̀yin gan-an lè bá wọn sọ̀rọ̀, Bàbá Aláìsùn. Orúkọ tí ẹ sọ ara yín ti fi hàn pé ẹ nílò rẹ̀.

Ìyàwó yín ní ẹ̀yin lẹ fà á. Kó má bà yín nínú jẹ́ jù. Ó ní láti rí ẹnì kan dá lẹ́bi, àwọn tó jẹ̀bi ò sì sí nítòsí.

Ó ku ohun kékeré kan tí ẹ lè ṣe kí ilẹ̀ òní tó ṣú. Ohùn tí fóònù yín ń dún, mo fẹ́ fi ọmọ mi búra pé ẹ kò tíì pààrọ̀ rẹ̀ láti ìgbà yẹn. Òun náà ló dún ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́, fóònù ọmọ yín ni wọ́n sì fi pè. Ó mọ ohùn yẹn láti kékeré, ó sì mọ̀ nínú igbó pé bó ṣe ń dún nìyẹn ní pálọ̀ yín. Ẹ pe Ọmọ́jowó, ẹ gbé fóònù lé e lọ́wọ́, kó bá yín yan òmíràn.