Irin Ìdábùú Lábẹ́ Bọ́nẹ́ẹ̀tì

Ẹni tó bá dúró sétí títì ní Ọ̀wẹnà fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú díẹ̀ yóò rí i pé Toyota pọ̀ gan-an nínú àwọn ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tó ń ti Àkúrẹ́ lọ sí Oǹdó. Corolla á kọjá, Camry tí wọ́n ń pè ní Big Daddy á tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni Camry Muscle. Ìrìn àjò náà kò pé 60 kìlómítà, síbẹ̀ kọ́nà àti kòtò ojú ọ̀nà ń jẹ ọkọ̀ níyà. Ibi tí ìyà náà ń parí sí lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ni ilé ṣọ́ọ̀kì. Orí yìí dá lórí irin kan tí àwọn onímọ́tò máa ń fi so ilé ṣọ́ọ̀kì méjèèjì pọ̀, bí èèyàn ṣe lè dè é nílé ara rẹ̀, àti ohun tó yẹ kó kọ́kọ́ tún ṣe kó tó náwó lé e.

Ṣọ́ọ̀kì iwájú àwọn ọkọ̀ yìí dúró gbọnrangandan láti ẹ̀gbẹ́ táyà títí dé abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, sípíríǹgì ńlá sì yí i ká. Earle MacPherson, ẹnjiníà ọmọ Amẹ́ríkà, ló gbé irú rẹ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì. Nígbà tó dé ilé iṣẹ́ Ford, wọ́n lò ó fún Consul àti Zephyr tí wọ́n gbé jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1950. Ẹ̀yà rẹ̀ kò pọ̀, owó rẹ̀ kò wọ́n, ó sì ń fi àyè sílẹ̀ fún ẹ́ńjìnnì, nítorí náà ó tàn kálẹ̀ kíákíá. Òun náà ló wà níwájú Peugeot 504, ọkọ̀ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná lọ́dún 1975. Àwọn àgbà mẹkáníìkì tó fi 504 kọ́ṣẹ́ ti mọ̀ ọ́n dunjú kí Corolla tó gbòde.

Ibi tí orí ṣọ́ọ̀kì ti kan ara ọkọ̀ ni wọ́n fi páànù líle kọ́ ilé sí fún un, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, ẹ́ńjìnnì wá wà láàárín. Bí awakọ̀ bá fi eré yí kọ́nà, ìwúwo ọkọ̀ á rọ́ sí apá òde, ilé ṣọ́ọ̀kì tó wà níbẹ̀ á sì fẹ́ tẹ̀. Títẹ̀ náà kéré débi pé ojú kò rí i, ṣùgbọ́n ó ń yí ìdúró táyà padà, ọwọ́ tó di sítíárìn mú sì ń mọ̀ ọ́n. Irin ìdábùú, tí àwọn tó ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ ń pè ní strut bar, ń so orí ilé méjèèjì pọ̀ kí ọ̀kan má baà sún láìsí èkejì, bí ìgbà tí a fi igi dábùú orí òpó méjì.

Àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ fúnra wọn ń lo ọgbọ́n yìí. Camry Muscle tí wọ́n kọ SE sí lára ní irin tó dábùú lẹ́yìn ìjókòó ẹ̀yìn, ìdí nìyẹn tí ìjókòó náà kò fi ṣeé dà sílẹ̀ bíi ti àwọn Muscle mìíràn.

Ṣùgbọ́n irin yìí kì í ṣe ṣọ́ọ̀kì. Kò lè mú kòtò rọ̀, kò lè dá ariwo ẹsẹ̀ ọkọ̀ dúró, kò sì lè jí ṣọ́ọ̀kì tó ti kú. Owó tó pọ̀ ló ń ṣòfò níbi tí onímọ́tò ti ra irin tó ń dán nígbà tó jẹ́ pé búùṣì àti ṣọ́ọ̀kì ló ń ké. Ẹni tó ń fi ọkọ̀ rẹ̀ kó èrò tàbí ẹrù iṣu ní tirẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ nílò irin ìdábùú. Ṣọ́ọ̀kì tuntun ni kó fi owó náà rà. Ẹni tí irin náà lè wúlò fún ni ẹni tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ rẹ̀ ti pé, tó sì fẹ́ kí sítíárìn tètè máa jẹ́ ìpè òun nínú kọ́nà.

Àyẹ̀wò ẹsẹ̀ ọkọ̀ kò le. Kí onímọ́tò fi ọwọ́ méjèèjì tẹ igun iwájú ọkọ̀ mọ́lẹ̀, kó sì jọ̀wọ́ rẹ̀ lójijì. Bí ó bá gòkè tó sì dúró, ó dára. Bí ó bá ń fò sókè-sódò, ṣọ́ọ̀kì ti rẹ̀ ẹ́. Kó wo ara ṣọ́ọ̀kì bóyá epo ti ń jò sí i. Lẹ́yìn náà, kó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí ẹnì kan máa yí sítíárìn sọ́tùn-ún sósì, kí òun máa wo rọ́bà tó wà lórí ṣọ́ọ̀kì, èyí tí mẹkáníìkì ń pè ní shock mounting. Bí rọ́bà náà bá ti ya, tàbí tí ó ń fò tó sì ń dún, òun ni kí wọ́n kọ́kọ́ pààrọ̀.

Tòkunbọ̀ tún ní ìṣòro tirẹ̀. Ní Kánádà àti àríwá Amẹ́ríkà, wọ́n máa ń da iyọ̀ sójú títì nígbà òtútù kí yìnyín lè yọ́, iyọ̀ yẹn sì ń jẹ irin ọkọ̀ láti abẹ́. Ọkọ̀ mìíràn ti ní ìjàǹbá kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi, páńẹ́lì bítà ló sì na iwájú rẹ̀ padà. Ilé ṣọ́ọ̀kì tí ìpẹtà ti jẹ, tàbí tí ojú ibi tí wọ́n ti jó o pọ̀ ti sán, kò yẹ kí wọ́n de irin mọ́. Wẹ́dà tó gbọ́ṣẹ́ ló yẹ kó kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Kí ó tó fi iná kan ara ọkọ̀, kí wọ́n yọ wáyà bátìrì, kí iná wẹ́dà má baà ba brain box jẹ́.

Nígbà rírà, irin tí wọ́n ṣe fún irú ọkọ̀ yẹn àti ọdún rẹ̀ gan-an ni kí onímọ́tò béèrè fún. Èyí tí wẹ́dà fi páìpù ṣe ládùúgbò lè ṣiṣẹ́ bí páànù ẹsẹ̀ rẹ̀, ibi tó ń jókòó lórí ilé ṣọ́ọ̀kì, bá nípọn. Bí ó bá fẹ́lẹ́, òun fúnra rẹ̀ ni yóò máa tẹ̀ nínú kọ́nà, kò sì ní rànwọ́.

Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ilẹ̀ títẹ́jú ni kí ọkọ̀ dúró sí, kí bíréèkì ọwọ́ wà lókè, kí ẹ́ńjìnnì ti tutù. Jáàkì kò sí nínú iṣẹ́ yìí. Táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọ́dọ̀ tẹ ilẹ̀, nítorí ìwúwo ọkọ̀ ló ń mú orí ṣọ́ọ̀kì dúró sí àyè rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá tú nọ́ọ̀tì. Bí táyà bá wà lókè, ṣọ́ọ̀kì lè já bọ́ sísàlẹ̀.

Lórí Corolla, nọ́ọ̀tì mẹ́ta ló yí orí ṣọ́ọ̀kì ká, sípánà 14 ló sì ń tú wọn. Nọ́ọ̀tì kẹrin wà ní àárín gbùngbùn. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan nọ́ọ̀tì àárín yìí. Òun ló so sípíríǹgì tí wọ́n ti fún pọ̀ mọ́lẹ̀. Bí ẹni tí kò ní irinṣẹ́ ìfún-sípíríǹgì bá tú u, agbára tó wà nínú sípíríǹgì lè tú jáde lẹ́ẹ̀kan, ó lè fọ́ ọwọ́ tàbí ojú, ó sì lè pa èèyàn. Bí ọmọṣẹ́ bá wà níbẹ̀, kí ọ̀gá fi ìka tọ́ka sí nọ́ọ̀tì náà kó sì kìlọ̀ fún un kó tó gbé sípánà lé e lọ́wọ́.

Kí wọ́n nu eruku àti ẹrẹ̀ kúrò lórí ilé ṣọ́ọ̀kì, kí wọ́n fi epo tó ń tú ìpẹtà rẹ nọ́ọ̀tì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́jú. Kí wọ́n gbé irin náà lé ibẹ̀ láì tú nǹkan kan, kí wọ́n wò ó bóyá ó kan bátìrì, páìpù tàbí ẹ́ńjìnnì. Ẹ́ńjìnnì máa ń mi lórí ìjókòó rẹ̀ bí awakọ̀ bá tẹ iná, nítorí náà kò yẹ kí irin náà fara kàn án. Láti mọ̀ bóyá bọ́nẹ́ẹ̀tì yóò pa dé, kí wọ́n lẹ amọ̀ tútù bíi mélòó kan mọ́ orí irin, kí wọ́n rọra pa bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n tún ṣí i. Ibi tí amọ̀ bá ti fẹ́lẹ́ jù, ibẹ̀ ni bọ́nẹ́ẹ̀tì yóò ti máa gbá irin.

Bí gbogbo rẹ̀ bá bára mu, kí wọ́n tú nọ́ọ̀tì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta apá kan, kí wọ́n fi ẹsẹ̀ irin lé e, kí wọ́n fi ọwọ́ lásán dá nọ́ọ̀tì padà, kí wọ́n tó lọ sí apá kejì. Ẹsẹ̀ irin gbọ́dọ̀ jókòó pẹrẹsẹ. Kí wọ́n wá gbé ọ̀pá àárín sí i. Bí ó bá gba òòlù kó tó wọlé, gígùn rẹ̀ kò tọ́. Kí wọ́n yí i títí yóò fi wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ìfún nọ́ọ̀tì ní ìwọ̀n. Lórí Corolla ọdún 2003 sí 2008, ìwọ̀n tí Toyota fi lélẹ̀ ni 39 Nm, èyí tó dà bíi kéèyàn fi agbára kílò 13 fa ìparí sípánà tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 30. Kò pọ̀ rárá. Ẹni tó bá fi gbogbo ara rẹ̀ fún un lè já bóòtù náà. Ẹsẹ̀ irin ti jẹ díẹ̀ nínú gígùn bóòtù, nítorí náà kí wọ́n rí i dájú pé orí bóòtù ṣì yọ kọjá nọ́ọ̀tì. Bí kò bá yọ, ẹsẹ̀ irin náà ti nípọn jù fún ọkọ̀ yẹn.

Lẹ́yìn èyí, kí onímọ́tò yí sítíárìn dé òpin ní ọ̀tún àti òsì, kó fetí sílẹ̀, kó sì wa ọkọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ yí àdúgbò ká. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, kó tún fi sípánà kan gbogbo nọ́ọ̀tì. Bí sítíárìn bá ń fà sí ẹ̀gbẹ́ kan, orí ṣọ́ọ̀kì ló ṣeé ṣe kó ti sún díẹ̀ nígbà títú. Kó gbé ọkọ̀ lọ fún aláìnmẹ́ńtì, kó sì sọ fún ẹni tó ń ṣe é pé òun ti tú orí ṣọ́ọ̀kì méjèèjì.