Ìyá Ẹja Náà Ní Òfin Tirẹ̀

Ọ̀rọ̀ ẹja la mú wá lónìí.

Gbogbo wa la mọ̀ pé kò dáa ká máa pa ọmọ ẹja. Ṣùgbọ́n bí apẹja bá gbé ẹja ńlá bọ̀ láti odò, ńṣe là ń kí i kú oríire. Ṣé òfin wà fún ẹja ńlá náà? Ó wà o.

Ẹ jẹ́ ká wo adágún Victoria ní ìlà oòrùn Áfíríkà. Kẹ́ńyà, Ùgáńdà àti Tànsáníà ló jọ ni ín. Ẹja kan wà níbẹ̀ tí àwọn tó ń sọ Faransé ń pè ní kapitẹ́ẹ̀nì. Tó bá dàgbà tán, ó lè wúwo ju géńdé ọkùnrin lọ. Nígbà tí ẹja yìí ń dín kù, ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fẹnu kò sórí ìwọ̀n méjì. Èyí tí kò bá gùn tó 50 sẹ̀ntímítà, wọn ò gbọdọ̀ mú un. Èyí tó bá gùn ju 85 lọ, wọn ò gbọdọ̀ mú un. Àárín méjèèjì ni wọ́n fi sílẹ̀ fún ọjà nígbà náà.

Kí ló dé? Kékeré ò tíì bímọ. Ńlá ńkọ́? Abo ló pọ̀ jù nínú wọn, abo ńlá kan ṣoṣo sì lè yé ẹyin tó ju mílíọ̀nù kan lọ. Ẹni tó bá pa á, ẹja ọdún tó ń bọ̀ ló pa yẹn.

Àmọ́ òfin yìí ò rọrùn láti pa mọ́. Àpò afẹ́fẹ́ inú ẹja ńlá náà, owó gidi ni lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò Ṣáínà. Torí náà, apẹja nìkan kọ́ la ó bá wí. Ẹni tó ń rà á ló ń rán an níṣẹ́.

Nílé wa ńkọ́? Òfin ẹja pípa ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, nọ́ńbà 2014-19, ti wà láti oṣù kẹjọ ọdún 2014. Ẹ pe òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ẹja pípa lágbègbè yín, kó wá ṣàlàyé rẹ̀ fẹ́gbẹ́ yín. Kó tó dé, bí ìyá ẹja tí ẹyin kún inú rẹ̀ bá kó sí àwọ̀n láàyè, ẹ dá a padà sómi.

Ẹ jọ jíròrò èyí lẹ́gbẹ́:
1. Ẹja wo ló ń tóbi láyé àwọn bàbá wa tí kò tóbi mọ́?
2. Oṣù wo lẹ máa ń rí ẹyin nínú ẹja?
3. Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ṣé ẹ lè fẹnu kò pé ẹ ò ní rà á lóṣù yẹn?