Nígbà tí Ọkàn àti Kíndìnrín Ajá Bá Jọ Ń Ṣàìsàn



Gbogbo wa la mọ òwe ajá tí yóò sọnù, tí kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ṣùgbọ́n ajá mìíràn wà tó ń gbọ́ fèrè dáadáa, àmọ́ kò sí agbára lára rẹ̀ mọ́ láti dá ọdẹ lóhùn. Ní ọdún tó kọjá, òun ló ń ṣáájú nínú igbó. Ní ọdún yìí, ó sáré díẹ̀, ó dúró, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Bí ilẹ̀ bá ṣú, á bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti mu omi inú àwo rẹ̀ tán, ó sì ti tọ̀ káàkiri àgbàlá. Àwọn kan á ní ó ti darúgbó ni. Àwọn mìíràn á ní ọ̀tá ló fún un ní nǹkan jẹ. Ó lè jẹ́ pé ó ti darúgbó lóòótọ́. Ó sì lè jẹ́ pé ọkàn rẹ̀ àti kíndìnrín rẹ̀ ló jọ ń ṣàìsàn.

Ní ilẹ̀ Kétu, ajá kì í ṣe ohun ìṣeré. Ó ń ṣọ́ ilé, ó ń lé ọ̀bọ àti ọ̀yà kúrò nínú oko àgbàdo, ó ń bá ọdẹ wọ igbó. Ajá tó mọ iṣẹ́ kì í ṣe ohun tí a ń rí rà lọ́jà lójoojúmọ́. Bí ó bá kú, làálàá tí a fi kọ́ ọ bá a lọ.

Báwo ni ọkàn àti kíndìnrín ṣe ń bá ara wọn ṣiṣẹ́?

Ẹ̀yin tí ẹ ti kun ewúrẹ́ rí, ẹ ti rí wọn. Ọkàn wà láàárín fùkù. Kíndìnrín méjì wà lẹ́yìn, ọ̀rá bò wọ́n. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí nínú ajá.

Ọkàn ló ń ti ẹ̀jẹ̀ kiri gbogbo ara. Kíndìnrín ló ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀ náà, bí a ti ń fi asẹ́ sẹ́ ògì: èyí tó dára lọ sí apá kan, pàǹtí lọ sí apá kejì. Pàǹtí yìí ló ń bá ìtọ̀ jáde. Bí a bá pín ẹ̀jẹ̀ tí ọkàn ń tì jáde sí ọ̀nà márùn-ún, kíndìnrín méjèèjì nìkan ń gba nǹkan bí ọ̀nà kan, bẹ́ẹ̀ wọ́n sì kéré lójú.

Nígbà tí ọkàn bá rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tó ń dé ọ̀dọ̀ kíndìnrín á dín kù. Kíndìnrín á wá ṣe bí ará Kétu nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Gbogbo wa la mọ bí omi ilẹ̀ wa ṣe jìn tó. Bí òjò bá ti dá, olúkúlùkù á máa ṣọ́ èyí tó wà nínú àmù. Kíndìnrín náà rò pé omi ti tán nínú ara, ó bẹ̀rẹ̀ sí í há omi àti iyọ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n omi kò tán rárá. Ọkàn ni kò lágbára láti gbé e wá. Omi tí a há mọ́ yìí á wá pọ̀ jù, á di ẹrù fún ọkàn tó ti rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Á jò sínú fùkù, ajá á máa húkọ́. Tàbí kí ó jò sínú ikùn, ikùn á wú, bẹ́ẹ̀ eegun ẹ̀yìn ajá á yọ síta.

Láti apá kejì náà, ó ń ṣẹlẹ̀. Bí kíndìnrín bá bàjẹ́, ẹ̀jẹ̀ á máa ru, ọkàn á sì máa fi agbára tó pọ̀ jù tì í. Pàǹtí tí kò rí ọ̀nà jáde á tún máa da bí ọkàn ṣe ń lù rú.

Ọ̀nà mẹ́ta tí àìsàn méjì yìí fi ń pàdé

Ní ọdún 2015, àwùjọ àwọn dókítà ẹran láti orílẹ̀-èdè mélòó kan jọ jókòó lórí ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọ̀nà mẹ́ta ló wà. Nígbà mìíràn, ọkàn ló kọ́kọ́ ń ṣàìsàn, tó fa kíndìnrín. Nínú ajá àgbà, àwọn ìlẹ̀kùn kéékèèké inú ọkàn lè nípọn, kí wọ́n má padé dáadáa mọ́, ẹ̀jẹ̀ á sì máa padà sẹ́yìn. Nígbà mìíràn, kíndìnrín ló kọ́kọ́ bàjẹ́, tó fa ọkàn. Ọ̀nà kẹta ni kí ohun mìíràn wọ inú ara, kí ó kọlu àwọn méjèèjì. Ọ̀nà kẹta yìí ló yẹ kí a dúró lé lórí, nítorí òun ni ọwọ́ wa lè ká.

Ẹ wo eégbọn. Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ nìkan ló ń mu. Ó ń tú kòkòrò tí ojú kò lè rí sínú ẹ̀jẹ̀ ajá. Kòkòrò yìí ń ba ẹ̀jẹ̀ jẹ́, èrìgì ajá á funfun, ìtọ̀ rẹ̀ lè pọ́n bí omi ìsápá. Ọkàn kò ní rí ẹ̀jẹ̀ tó dára lò, asẹ́ kíndìnrín á dí. Nítorí náà, ẹ máa yẹ etí ajá wò, ẹ yẹ àárín ìka ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ yọ eégbọn kúrò. Ẹ dí ihò ara ògiri níbi tó ń sùn, torí ibẹ̀ ni eégbọn ń fara pa mọ́ sí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe da oògùn tí a ń fọ́n sí òwú lé ajá lórí. Ó ń pa eégbọn, ó ń pa ajá, ọmọ tó bá sì gbá ajá náà mọ́ra wà nínú ewu.

Ẹ̀fọn náà ní tirẹ̀. Aràn kan wà tí ẹ̀fọn ń gbé láti ara ajá kan lọ sí ara òmíràn. Inú ọkàn àti inú iṣan ẹ̀jẹ̀ tó lọ sí fùkù ló ń gbé. Ó ń gùn tó ìka mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tí a bá tò wọ́n ní ìbú, ó sì rí bí òwú ìránṣọ. Àwọn dókítà ti rí i lára ajá ní Nàìjíríà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Oògùn wà tí dókítà lè fún ajá kí aràn yìí má baà dàgbà.

Ẹ wo eku inú àká àgbàdo pẹ̀lú. Ìtọ̀ eku máa ń gbé àìsàn kan tó ń kọlu kíndìnrín àti ẹ̀dọ̀. Ajá tó mu omi tí eku tọ̀ sí lè kó o. Ènìyàn náà lè kó o láti ara ìtọ̀ eku tàbí ìtọ̀ ajá. Ẹni tó bá ń gbá ìtọ̀ ajá tó ń ṣàìsàn, kí ó fi ọṣẹ fọ ọwọ́. Bí egbò bá wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, kí ó wọ bàtà.

Ẹ kà á, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀

Kíndìnrín kì í tètè ké. Ó máa ń pàdánù nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta agbára rẹ̀ kí àmì tó hàn. Nítorí náà, òùngbẹ tó pọ̀ kì í ṣe àmì kékeré. Bí èébì bá tẹ̀ lé e, tí ajá kò jẹun, tí ẹnu rẹ̀ ń rùn bí ìtọ̀, ọ̀rọ̀ ti jìn.

Ti ọkàn, ọ̀nà kan wà tí ẹnikẹ́ni lè fi mọ̀ ọ́n láìná kọ́bọ̀. Ẹ jẹ́ kí ajá sùn níbi tó tutù. Ẹ wo ìhà rẹ̀. Ó gòkè, ó sọ̀kalẹ̀: ẹ̀ẹ̀kan nìyẹn. Ẹ kà á fún ìṣẹ́jú kan pẹ̀lú aago tàbí fóònù. Ajá tí ara rẹ̀ dá kì í sábà ju 30 lọ nínú oorun. Ẹ kọ iye náà sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́. Ẹ ti mọ ìwé kọ báyìí, dókítà á sì mọ ohun tí yóò fi ìwé yẹn ṣe ju kí a kàn ní "ara rẹ̀ kò yá" lọ. Bí iye náà bá ń ju 30 lọ ní ọjọ́ méjì sí ara wọn, ẹ wá dókítà. Bí ajá bá ń jà kí ó tó lè mí, ẹ má ṣe dúró dọ̀la.

Kí ló dé tí a kò gbọdọ̀ dá oògùn lò?

Nítorí pé ohun tó ń wo ọ̀kan sàn lè pa èkejì. Oògùn tó ń mú ajá tọ̀ púpọ̀ máa ń fa omi kúrò nínú fùkù, ọkàn á sinmi. Ṣùgbọ́n bí ó bá pọ̀ jù, ara á gbẹ, kíndìnrín á kú. Bí a bá sì fa omi sí ajá lára nítorí kíndìnrín, omi yẹn lè kún fùkù bí ọkàn kò bá lágbára. Dókítà ẹran ní láti yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ wò, kí ó fún un ní díẹ̀, kí ó tún yẹ̀ ẹ́ wò. Àní fún dókítà gan-an, iṣẹ́ yìí kò rọrùn.

Èyí tó burú jù ni oògùn ara ríro tí ènìyàn ń lò. Ibuprofen àti diclofenac ń dá egbò sí ajá nínú ikùn, wọ́n sì ń ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́. Àwọn oògùn wọ̀nyí kún orí àtẹ. Ní oṣù kejì ọdún 2017, ìjọba Benin rán ọlọ́pàá lọ kó oògùn Adjégounlé ní Kutonu, níbi tí a ti ń ta oògùn láìgba àṣẹ. Síbẹ̀, ẹni tó bá ń wá oògùn olówó pọ́ọ́kú kì í pẹ́ rí i. Ẹ má ṣe fún ajá.

Ìtọ́jú nílé

Ẹ má ṣe fi omi du ajá tó ń mu omi jù. Mo mọ̀ pé omi ṣọ̀wọ́n, mo sì mọ̀ pé ìtọ̀ náà ń súni. Ṣùgbọ́n kíndìnrín rẹ̀ kò lè há omi mọ́. Bí ẹ bá gba àwo kúrò, ọjọ́ díẹ̀ péré lè pa á. Ẹ dín iyọ̀ kù: kí ẹ má fún un ní ọbẹ̀ tó kún fún mági, tàbí ẹja oníyọ̀. Ẹ má fi eegun ṣe oúnjẹ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ó sinmi ní ọ̀sán gangan, ẹ má mú un lọ sígbó.

Àìsàn yìí kì í sábà lọ pátápátá. Ajá tí a tètè mú lọ sọ́dọ̀ dókítà lè lo oṣù púpọ̀, nígbà mìíràn ọdún, kí ó sì máa ṣọ́ ilé. Ṣùgbọ́n bí ìwà ajá bá yí padà lójijì, tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, tí kò lè gbé nǹkan mì, ẹ má ṣe ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ lẹ́nu láti fún un ní oògùn. Ó lè jẹ́ dìgbòlugi, ìyẹn sì ń pa ènìyàn.

Ní ọjọ́ tí ẹ bá ń mú ajá lọ, ẹ gbé abọ́ tó mọ́ sí abẹ́ rẹ̀ nígbà tó bá ń tọ̀ láàárọ̀, ẹ da ìtọ̀ náà sínú ìgò tí ẹ ti fọ̀. Ẹ kó gbogbo oògùn tí ẹ ti fún un dání, títí kan àgbo. Ẹ sì mú ìwé tí ẹ kọ iye mímí rẹ̀ sí lọ́wọ́.