Àwo, Apá àti Abẹ́rẹ́: Ẹ̀kọ́ Lórí Ìjà Àwọn Onígiramafóònù

Àwọn àgbà ní orin ní í ṣáájú ọ̀tẹ̀. Láàrin àwọn olólùfẹ́ giramafóònù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Amẹ́ríkà àti Japan, ẹ̀rọ tí ń gbé orin jáde gan-an ni ó dá ọ̀tẹ̀ sílẹ̀. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún tí wọ́n ti ń bá ara wọn fa ọ̀rọ̀ mẹ́ta: ohun tí ó yẹ kí ó máa yí àwo, àpótí tí ó yẹ kí ó gbé e dúró, àti irú apá tí ó yẹ kí ó gbé abẹ́rẹ́ lọ́wọ́. Ẹnìkan lè ná owó tí ó tó ra ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lórí giramafóònù kan ṣoṣo, kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì wí fún un pé òfò ni ó ṣe. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, ẹ má tètè rẹ́rìn-ín. Ìṣirò wà nínú ọ̀rọ̀ náà, ẹ̀kọ́ físíìsì wà níbẹ̀, ó sì kan àwọn àwo tí ó wà nínú yàrá bàbá yín nílé.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ tí a bẹ ẹ̀rọ náà. Bí ẹ bá gbé àwo rẹ́kọ́ọ̀dù sí ìmọ́lẹ̀, ẹ ó rí ìlà tí ó ń yí ká bí ìkarahun ìgbín. Ìlà kan ṣoṣo ni, láti etí àwo títí dé ìtòsí ààrin. Poro ni mo ń pè é, nítorí pé ó jọ poro tí ó wà láàrin ebè méjì. Kò fẹ̀ ju irun orí lọ. Ara ògiri rẹ̀ méjèèjì ni wọ́n fín orin sí. Láti ìgbà tí àwo sítẹ́rìó ti dé ọjà ní ọdún 1958, ògiri kan jẹ́ ti sípíkà ọ̀tún, èkejì jẹ́ ti òsì. Abẹ́rẹ́ wọ inú poro, ògiri ń tì í síhìn-ín sọ́hùn-ún, àpótí kékeré tí abẹ́rẹ́ náà so mọ́, tí wọ́n ń pè ní káátíríìjì, á sì sọ títì yẹn di iná mànàmáná tí ń lọ sí ampilifáyà.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Káátíríìjì kò mọ̀ bóyá poro ni ó ti abẹ́rẹ́ tàbí nǹkan mìíràn. Bí mọ́tò tí ń yí àwo bá gbọ̀n, orin ni lójú rẹ̀. Bí ẹnìkan bá fi gìrìgìrì kọjá nínú yàrá, orin ni lójú rẹ̀. Bí apá fúnra rẹ̀ bá mì, orin náà ni. Iṣẹ́ giramafóònù kò ju èyí lọ: kí poro nìkan máa mi abẹ́rẹ́, kí ohunkóhun mìíràn má sì mì í. Gbogbo àwọn tí ń jà ni ó gbà bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà tí wọn yóò gbà dé ibẹ̀ ni ó pín wọn níyà.

Ohun tí ń yí àwo

Láyé àtijọ́, kẹ̀kẹ́ rọ́bà kékeré kan ni ó máa ń wà láàrin mọ́tò àti àtẹ tí àwo jókòó lé. Garrard 301, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1954, wà lára àwọn tí ó lókìkí jù nínú irú èyí, àwọn kan sì ń tún un ṣe lò di òní olónìí. Agbára rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ rọ́bà a máa gbé gbígbọ̀n mọ́tò wọ inú àtẹ. Ẹ ó gbọ́ ọ lábẹ́ orin bí ìgbà tí ọkọ̀ akẹ́rù bá ń kùn lókèèrè.

Ní ọdún 1961, Edgar Villchur ti ilé-iṣẹ́ Acoustic Research ní Amẹ́ríkà gbé ọ̀nà mìíràn jáde. Bẹ́líìtì rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ ni ó fi yí àtẹ, ó sì gbé àtẹ àti apá papọ̀ sórí irin kan tí sípíríǹgì mẹ́ta gbé rọ̀. Mọ́tò dá wà lọ́tọ̀. Ènìyàn lè gbá àpótí rẹ̀ kí abẹ́rẹ́ má fò. Ìlànà yìí ni Ivor Tiefenbrun ní ìlú Glasgow tẹ̀ lé nígbà tí ó gbé Linn Sondek LP12 jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Nígbà náà, èrò ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé sípíkà ni ọba, pé giramafóònù kò ní iṣẹ́ ju kí ó máa yí lọ. Tiefenbrun ní bẹ́ẹ̀ kọ́: ohun tí giramafóònù bá ti sọ nù ní ìbẹ̀rẹ̀, sípíkà olówó ńlá kò lè rí i mọ́. Ọ̀rọ̀ náà wọ àwọn aráàlú létí, ó sì dá ìjà ńlá sílẹ̀.

Nítorí pé ní ọdún 1970 kan náà ni Matsushita ti Japan gbé Technics SP-10 wá sọ́jà. Èyí kò ní bẹ́líìtì, kò ní kẹ̀kẹ́. Àtẹ gan-an ni ó wà lórí ọ̀pá mọ́tò. Àbúrò rẹ̀, SL-1200, tẹ̀ lé e ní ọdún 1972, òun sì ni àwọn tí ń yí àwo níbi ijó sọ di irin iṣẹ́ wọn. Àwọn oníbẹ́líìtì kẹ́gàn rẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀rọ tí ń ṣọ́ eré mọ́tò náà kò jẹ́ kí orin fara balẹ̀, pé ńṣe ni ó ń fà á tí ó tún ń tì í. Àwọn ará Japan fi òǹkà dáhùn. Technics dá SL-1200 dúró ní ọdún 2010, ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà kò dákẹ́, wọ́n sì tún mú un padà ní ọdún 2016. Ní tèmi, ìjà apá ibí yìí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Èyíkéyìí nínú wọn tí a bá ṣe dáadáa ń yí déédéé ju bí etí ti lè mọ̀ lọ.

Ti àpótí náà rí bákan náà. Roy Gandy ti Rega, ilé-iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1973, kò fẹ́ sípíríǹgì rárá. Ó fẹ́ kí àpótí fúyẹ́ kí ó sì le, nítorí pé ohun tí ó wúwo a máa gba gbígbọ̀n pamọ́, a sì tún máa dá a padà. Àwọn kan ní Jámánì sì ń ṣe èyí tí ènìyàn kan kò lè dá gbé.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀, nítorí ìlù wa. Àwo LP ń yí lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú-àáyá 1.8. Bí ihò ààrin àwo kò bá sí ní ààrin gan-an, tí ó fi mìlímítà 1 péré yẹ̀, ohùn yóò máa lọ sókè sódò ní ìyípo kọ̀ọ̀kan. Ní ibi tí poro ti jìnnà sí ààrin tó mìlímítà 100, yóò tó ìdá 1 nínú 100 sókè, àti ìdá 1 nínú 100 sódò. Nínú orin dùùrù ẹ ó gbọ́ ọ bí ẹni tí ń mì. Gángan ńkọ́, tí ó jẹ́ pé ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ ni ó fi ń sọ̀rọ̀? Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ní yí padà, nítorí pé àyè tí ó wà láàrin ohùn kan àti èkejì fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n onílù náà yóò dà bí ẹni tí ó mu ẹmu wá. Ẹ̀bi ilé tí ó tẹ àwo ni, kì í ṣe ti bẹ́líìtì tàbí ti mọ́tò. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, Nakamichi ti Japan ṣe giramafóònù tí ń wá ààrin àwo fúnra rẹ̀. Ó wọ́n kọjá àfẹnusọ, àwọn yòókù kò sì tẹ̀ lé e.

Apá ni ọ̀rọ̀ wà

Ẹ̀rọ tí ó fín àwo ń rìn gbọọrọ láti etí wá sí ààrin, láì yà. Apá giramafóònù kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Oríkèé kan ni ó ní, ní ìdí, bí èjìká, ó sì ń yí lórí rẹ̀ bí ilẹ̀kùn. Ẹ kan ìṣó mọ́ tábìlì, ẹ so okùn mọ́ ọn, kí ẹ so ṣọ́ọ̀kì mọ́ orí okùn náà, kí ẹ sì fà á kọjá lórí pátákó: ìlà tí ó tẹ̀ ni ẹ ó rí, kì í ṣe gbọọrọ. Nítorí náà, abẹ́rẹ́ kì í fi gbogbo ìgbà kọjú sí poro bí irin tí ó fín in ti kọjú sí i. Ìyàtọ̀ igun yìí ní í mú kí ohùn ha.

Àwọn onímọ̀ ìṣirò ti gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò tipẹ́. Percy Wilson kọ̀wé nípa rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1924, Erik Löfgren ní ọdún 1938, Baerwald ní ọdún 1941. Ọgbọ́n tí wọ́n rí ni pé kí a tẹ orí apá sínú díẹ̀, kí a sì jẹ́ kí abẹ́rẹ́ kọjá ojú ààrin àwo pẹ̀lú mìlímítà bíi mélòó kan. Bí a bá ṣe é bí òǹkà Baerwald ti wí, abẹ́rẹ́ yóò kọjú sí poro régé ní ibi méjì: nígbà tí ó bá jìnnà sí ààrin ní mìlímítà 66.0, àti ní mìlímítà 120.9. Ní ibi yòókù, àṣìṣe apá onííńṣì 9 kì í ju nǹkan bíi digírì 2 lọ. Ti onííńṣì 12 tó digírì 1 àbọ̀. Ẹ wo bí èrè náà ti kéré tó! Síbẹ̀ àwọn kan ń ra apá gígùn, wọ́n ń ra àpótí tí yóò gbà á, wọ́n sì gbàgbé pé apá gígùn wúwo jù.

Títẹ̀ tí a tẹ orí apá ni ó bí ìṣòro mìíràn. Bí àwo ti ń yí, ó ń fi ìfarakanra fa abẹ́rẹ́ síwájú. Nítorí pé orí apá tẹ̀, ìfà yìí kò gba inú oríkèé kọjá, ìyókù rẹ̀ sì ń fa apá lọ sí ààrin àwo. Abẹ́rẹ́ á wá fara ti ògiri inú ju ti ìta lọ. Wọ́n ń fi sípíríǹgì kékeré tàbí ìwọ̀n tí a so mọ́ òwú fà á padà. Ó dára, àmọ́ bí orin bá ti ń pariwo sí i ni ìfarakanra ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ìwọ̀n orí òwú kò yí padà. Kò sí ẹni tí ó lè rí iye kan tí yóò bá gbogbo orin mu.

Ẹnìkan á ní, kí ló dé tí apá kò kúkú rìn gbọọrọ bí ẹ̀rọ tí ó fín àwo? Wọ́n ti ṣe é. Beogram 4000 ti Bang & Olufsen láti Denmark, ọdún 1972, ní mọ́tò tí ń gbé apá rìn. Ó rẹwà bí nǹkan míì. Ṣùgbọ́n ohun tuntun tí ń rìn ti wọ inú ẹ̀rọ nìyẹn, àwa sì ti sọ pé ohunkóhun tí ó bá mì, orin ni lójú káátíríìjì.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin onímọ̀ ìjìnlẹ̀ dúró sí ni ti ìwúwo. Apá àti káátíríìjì dúró lórí abẹ́rẹ́ bí ẹni tí ó dúró lórí sípíríǹgì, ohun tí ó bá sì wà lórí sípíríǹgì ní iye ìgbà tí ó fẹ́ràn láti máa gbọ̀n. Àwo tí oòrùn ti tẹ̀ ń gbé abẹ́rẹ́ sókè sódò ní nǹkan bí ìgbà 1 sí 5 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Etí ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ orin láti nǹkan bí ìgbà 20. Àárín méjèèjì, ìgbà 8 sí 12, ni ó yẹ kí ti apá bọ́ sí. Ẹ ṣírò rẹ̀ báyìí: ẹ fi ìwọ̀n apá, bí abẹ́rẹ́ ti ń mọ̀ ọ́n, kún ti káátíríìjì ní gíráàmù. Ẹ fi òǹkà rírọ̀ abẹ́rẹ́, tí ó máa ń wà nínú ìwé tí ó bá a wá, sọ ọ́ di púpọ̀. Ẹ wá iye tí ó fi ara rẹ̀ di òǹkà yẹn, kí ẹ fi pín 159. Apá gíráàmù 12, káátíríìjì gíráàmù 6, rírọ̀ 12: 18 lọ́nà 12 jẹ́ 216, ìdáhùn sì jẹ́ 10.8. Ó bọ́ sí i. Ẹ gbé káátíríìjì gíráàmù 6 tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ rọ̀ tó 30 sórí apá gíráàmù 25: ìdáhùn jẹ́ 5.2, gbogbo àwo tí ó tẹ̀ ni yóò sì máa bá apá náà jó.

Ìdí nìyí tí àwọn méjì fi lè jà títí ilẹ̀ fi ṣú kí àwọn méjèèjì sì jàre. Èyí tí ó ní abẹ́rẹ́ rírọ̀ ń yin apá fífúyẹ́ bíi ti SME; èyí tí ó ní abẹ́rẹ́ líle ń yin apá wíwúwo. Kò sí apá tí ó dára jù láìmọ abẹ́rẹ́ tí yóò gbé.

Ní ti etí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀kan. Ní ọdún 1984, Tiefenbrun gbà kí wọ́n dán etí òun wò ní Canada, níbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ dígítà Sony kan sí ààrin orin giramafóònù tí wọ́n sì tún ń yọ ọ́, láì sọ fún un. Kò lè fi ìyàtọ̀ hàn. Mi ò sọ ọ́ láti fi í ṣẹ̀sín. Ó ní ìgboyà tí ọ̀pọ̀ àwọn tí ń pariwo kò ní. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni pé igun, ìwọ̀n àti ìwúwo ṣeé wọ̀n, kí á sì kọ́kọ́ wọ̀n wọ́n kí á tó bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ ilé-iṣẹ́.

Ó kan àwa náà, nítorí poro ìparí. Ní etí àwo LP, poro ń sáré kọjá lábẹ́ abẹ́rẹ́ ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 51 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ní ìparí, kò ju 21 lọ. Orin kan náà ni ó wá há mọ́ àyè tí kò tó ìdajì, àṣìṣe apá sì hàn níbẹ̀ jù. Nínú ọ̀pọ̀ àwo orin àwọn aláwọ̀ funfun, orin tí kò gbajúmọ̀ ni wọ́n ń sin síbẹ̀. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwo jùjú ti àwọn ọdún 1970, ti Ebenezer Obey àti ti Sunny Adé, jẹ́ orin tí ń wọnú ara wọn láìdúró láti ìbẹ̀rẹ̀ ojú kan títí dé òpin rẹ̀. Ìgbà tí ìlù ti gbóná, tí gbogbo ara ti ń jó, ni abẹ́rẹ́ dé ibi tí poro ti há.

Nígbà tí ẹ bá lọ sílé fún ìsinmi, tí ẹ sì fẹ́ gba àwo bàbá yín sínú kọ̀ǹpútà, ẹ wo orí apá giramafóònù kí ẹ tó fi àwo sí i. Bí ẹ bá bá kọ́bọ̀ kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn kí abẹ́rẹ́ má baà fò, ẹ yọ ọ́. Ọ̀pọ̀ káátíríìjì òde òní ń fẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 1 àbọ̀ sí 2 péré, kọ́bọ̀ a sì máa fi kún un ju bí poro ti lè gbà lọ. Ẹ ra abẹ́rẹ́ tuntun, ẹ wọn ìtẹ̀ rẹ̀, ẹ tò ó sí ibi méjèèjì tí mo dárúkọ lókè. Kí ẹ wá mú àwo kan tí ó ti bàjẹ́ tẹ́lẹ̀, kí ẹ gbé abẹ́rẹ́ sí ìparí rẹ̀, kí ẹ sì tẹ́tí sí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Bí ó bá ń dún bí yanrìn tí wọ́n ń dà sórí páànù, tí ti etí àwo náà kò sì dún bẹ́ẹ̀, kò tíì tó àkókò láti gbé èyí tí bàbá fẹ́ràn sí i.