Ẹ̀kọ́ Kẹsàn-án: Sìgá, Ọtí àti Ọkàn Àgbàlagbà

Ẹ di ọwọ́ yín, kí ẹ wo ìkúùkù náà. Bí ọkàn yín ṣe tóbi mọ nìyẹn. Ẹran ni, kì í sinmi, àní lójú oorun pàápàá. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa ti ẹ̀jẹ̀ káàkiri gbogbo ara. Bí ènìyàn bá ti ń dàgbà, iṣan tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá máa ń le, iṣẹ́ ọkàn á sì wúwo sí i.

Bàbá àgbẹ̀ kan, ẹni 60 ọdún, lọ rí nọ́ọ̀sì.

"Bàbá, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ṣé ẹ ṣì ń mu sìgá?"

"Mò ń mu ún, ọmọ mi. Ó ti tó ogójì ọdún. Kí ni n ó tún jáwọ́ fún? Ohun tó máa bàjẹ́ ti bàjẹ́."

"Kò tíì bàjẹ́ tán, Bàbá."

Òótọ́ ni nọ́ọ̀sì sọ. Ní 1951, onímọ̀ méjì ní Ìlú Ọba, Richard Doll àti Austin Bradford Hill, bẹ̀rẹ̀ sí í bi àwọn dókítà léèrè nípa sìgá. Àwọn dókítà ọkùnrin tó lé ní 34,000 ni wọ́n tọpa wọn fún 50 ọdún. (Dókítà ni wọ́n o, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn ń mu ún!) Nígbà tí èsì jáde ní 2004, a rí i pé àwọn tí kò jáwọ́ fi nǹkan bí ọdún 10 kú ṣáájú àwọn tí kò mu ún rí. Ṣùgbọ́n ẹni tó jáwọ́ ní ẹni 50 ọdún jèrè nǹkan bí ọdún 6. Ẹni tó jáwọ́ ní 60 jèrè nǹkan bí ọdún 3. Láàárín ọdún mẹ́ta, ọmọ-ọmọ tí a gbé jó níjọ́ ìkómọ á ti máa sáré kiri àgbàlá.

Tábà ń mú ọkàn sáré, ó sì ń fún iṣan ẹ̀jẹ̀ pọ̀. Májèlé tó wà nínú èéfín jẹnẹrétọ̀ wà nínú èéfín sìgá pẹ̀lú. Ó ń gba àyè afẹ́fẹ́ rere nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tún máa ń tètè dì. Bó bá dì sínú iṣan ọkàn, àyà á há mọ́ni bí ẹni tí a gbé ọlọ lé láyà. Ẹni tí èyí bá ṣe, kí wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Aáṣáà kò ní èéfín, ṣùgbọ́n tábà inú rẹ̀ ń mú ọkàn sáré bákan náà. Bí ènìyàn bá jáwọ́ nínú sìgá fún ọdún kan, ewu àrùn ọkàn á dín sí ìdajì ti ẹni tó ṣì ń mu ún.

"Ògógóró ńkọ́?" Bàbá rẹ́rìn-ín. "Ife kan lálẹ́ ló ń mú ara mi gbóná."

"Awọ ara yín ló ń gbóná, Bàbá. Inú ara ń tutù ni."

Ọtí ń mú ẹ̀jẹ̀ ru. Omi ara àgbà kò pọ̀ tó ti ọ̀dọ́. Nítorí náà ife tí kò ṣe yín ní nǹkan kan nígbà èwe lè pa yín nísinsìnyí. Bí ó bá pàdé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru nínú ara, òòyì lè gbé ènìyàn ṣubú bó ti ń dìde lóru. Ẹmu náà ọtí ni, bó ti wù kó dùn tó. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti ń mu ọtí líle lójoojúmọ́ láti ọjọ́ pípẹ́, kí ó má ṣe dá a dúró lójijì láìsọ fún dókítà: ara rẹ̀ lè máa gbọ̀n, gìrì sì lè mú un.

Ìbéèrè
1. Kí ni nọ́ọ̀sì sọ nípa ògógóró?
2. Ta ni ẹ mọ̀ nílé yín tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, tó sì ń mu ọtí? Ta ni yóò bá a sọ̀rọ̀?